Ilẹ̀kùn Tí Mo Tì, Tí Wọ́n Pè Ní Àfojúdi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ẹdẹ níbí. Bóyá tí mo bá sọ ọ́ tán, yóò kúrò lọ́fun mi. Ó ti há síbẹ̀ bí egungun ẹja. Mo gbé e mì, kò lọ. Mo wúkọ́, kò jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ lórí ìkànnì yìí mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí mo bá sì máa sọ̀rọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wò ó síwá sẹ́yìn. Èyí náà, mo ti wò ó síwá sẹ́yìn. Ìríra rẹ̀ kò dínkù.

Mo ti pa orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà dà. Àìsàn tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí nísàlẹ̀. Tí mo bá dárúkọ rẹ̀, kí ni mo fi sàn ju ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lọ?

Láàbù náà kò tóbi. Ilé alábọ́dé kan ni, lójú ọ̀nà tó lọ sí Awo. Alhaja ló ni ín. Láàbù ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kí wọ́n tó dá tiwọn sílẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ gan-an ni, torí pé lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ ààfáà kì í so yìgì mọ́ láìjẹ́ pé ọkọ àti ìyàwó ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ohun tó dáa ni. N kò ta ko ìyẹn rárá.

Ẹnì kejì ni Bọ̀dá Ganíyù. Àbúrò ọkọ Alhaja ni wọ́n. Ọkọ Alhaja ti di olóògbé. Bọ̀dá Ganíyù ló ń jókòó níwájú, tí wọ́n ń gba orúkọ àwọn tó bá wọlé, tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní mánéjà. Alhaja kì í pè wọ́n lórúkọ. "Ọkọ mi" ni Alhaja ń pè wọ́n. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe rí: ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, bó ti wù kí ẹni náà kéré sí i tó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí máa padà já sí.

Èmi ni mò ń ṣe ìtọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, iṣẹ́ tí mo rí nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ti jẹ wọ́n tán kí n tó dé, mo wá fi Linux sí wọn, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ètò kékeré kan tí Alhaja ń lò láti fi kọ èsì àyẹ̀wò sílẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ nǹkan kan nípa Linux, ẹ má sá lọ o! N kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Kọ́máǹdì kan wà, ìyẹn àṣẹ tí a ń tẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní install. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ máa ń rò pé ńṣe ló ń lọ wá ètò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì mọ́ tónítóní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń gbé fáìlì lọ síbi tó yẹ kó wà, bó bá sì ṣe ń gbé e síbẹ̀ ló ń sọ ẹni tó ni ín, tó sì ń sọ àwọn tó lè kà á. Ó dà bí ẹni tó gbé àpótí wọ yàrá, tó tì í, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́ kó tó jáde.

Fún ètò náà fúnra rẹ̀, mo kọ install -m 755. Nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí pé gbogbo wa lè kà á, gbogbo wa lè mú un ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín nìkan ló lè yí i padà. Fún àwọn fáìlì èsì àyẹ̀wò, mo kọ install -m 600 -o alhaja. Ìyẹn ni pé Alhaja ló ni wọ́n, Alhaja nìkan ló sì lè kà wọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ rántí nínú gbogbo èyí. Tí ẹ bá yọ -m yẹn kúrò, tí ẹ kò sọ nǹkan kan, install á fi 755 sí ohunkóhun tó bá gbé. Ètò tí gbogbo ayé fẹ́ lò ni wọ́n ṣe é fún. Wọn kò ṣe é torí àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ó tán. Ẹ wá gbọ́.

Kò pẹ́ tí mo ṣe ètò yìí tán ni mo gbọ́ ariwo níwájú.

"Mùíbátù! Wá wo ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ ń sọ sí mi!"

Mo sáré lọ. Bọ̀dá Ganíyù ti fẹ́ ṣí fáìlì èsì ẹnì kan, kọ̀ǹpútà sì ti kọ "Permission denied" síwájú wọn.

"Ó ní n kò láṣẹ," ni wọ́n wí. "Èmi! Nínú ilé ẹ̀gbọ́n mi!"

Mo ṣàlàyé pé Alhaja nìkan ló lè ka èsì, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn.

"Ṣé olè ni mo wá jẹ́ ni?"

"Rárá o, sà. Èmi náà, tí mo bá fi orúkọ mi wọlé, kò ní jẹ́ kí n kà á."

"Ìwọ ńkọ́? Ọmọ àná ni ọ́. Wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Ṣé wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbà?"

Alhaja jáde wá, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ọmọ ìsinsìnyí ni." Nígbà tí a dé inú, wọ́n rọra sọ fún mi pé kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Láti ọjọ́ yẹn ni Bọ̀dá Ganíyù ti sọ mí ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́. "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, mo fẹ́ lọ tọ̀ o, ṣé kọ̀ǹpútà gbà?" "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, òùngbẹ ń gbẹ mí, ṣé kí n kọ̀wé béèrè ni?" Àwọn tó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo rò pé àwàdà lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe òtítọ́ sí wọn níbí. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò, mo sì mọ ibi tó ti ń dùn wọ́n. Nínú agboolé, ta ní ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀? Ẹni tó bá fi ágádágodo sí yàrá, wọ́n á ní ó ń pe ará ilé lólè. Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi títí di òní ni ohun tí wọ́n torí ìyẹn ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ sí ìlú Ara lọ bá ìyá mi àgbà wa ẹ̀gẹ́. Mo wà nínú oko, ọwọ́ mi kún fún erùpẹ̀, nígbà tí Alhaja pè mí. Iná ti dé tipátipá, ó ti jó kọ̀ǹpútà ńlá. Àwọn ènìyàn sì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń retí èsì wọn.

Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Kọ̀ǹpútà mìíràn wà tí mo ti fi Linux sí sílẹ̀, ẹ̀dà ètò náà àti ti gbogbo èsì sì wà lórí fíláàṣì tó wà nínú báàgì Alhaja. Ó ku kí ẹnì kan tẹ install kí gbogbo nǹkan padà sáyè wọn. Alhaja ní dígí ojú àwọn kò gbé ọ̀rọ̀ wínníwínní bẹ́ẹ̀, pé "ọkọ mi" ló máa tẹ̀ ẹ́. Alhaja sì ti fún Bọ̀dá Ganíyù ní páàsíwọ́ọ̀dù àgbà, èyí tó lè ṣí ohun gbogbo. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n láàbù Alhaja ni, kì í ṣe tèmi.

Mo nu ọwọ́ mi, mo kọ àwọn kọ́máǹdì náà ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù. Mo tún pe Bọ̀dá Ganíyù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ má yọ nǹkan kan."

"Ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi ní ìwé kíkà?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa, Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Máa wa ẹ̀gẹ́ rẹ."

Nígbà tó yá, Alhaja pè pé ó ti ń ṣiṣẹ́. Ètò ṣí, èsì ń jáde lórí ìwé, wọ́n gbàdúrà fún mi. Mo padà sídìí ẹ̀gẹ́. Ta ló fẹ́ mọ̀ pé nǹkan kan bàjẹ́? Ilẹ̀kùn tí wọn kò tì kì í pariwo.

Mo padà sí Ẹdẹ, mo bá iṣẹ́ lọ. N kò tíì ráyè yẹ kọ̀ǹpútà tuntun náà wò dáadáa nígbà tí obìnrin kan já wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́, kò sí lórí.

Ìyá Ràfíátù ni.

Ràfíátù ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ so yìgì òun àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wàídì, àwọn méjèèjì sì ti wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dọ̀ wa. Wàídì, ọmọ agboolé Bọ̀dá Ganíyù ni.

"Ta ló ka ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi fún ará ìta?" ni obìnrin náà wí. Kò pariwo. Ó ṣe mí bí ẹni pé kí ó kúkú pariwo. "Wọ́n ní ọmọ mi ti jẹrà látinú. Níbi tí wọ́n ti ń pọn omi, ńṣe ni wọ́n ń gbé garawa wọn jìnnà sí tirẹ̀. Ọmọ tí mo bí! Ta ló sọ ọ́?"

Alhaja wò mí. Àwọn tó jókòó wò mí. Bọ̀dá Ganíyù náà wò mí! Ta ni ọmọ kọ̀ǹpútà? Èmi. Ta ló mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà? Èmi.

Alhaja bẹ obìnrin náà, wọ́n ní kí ó padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú Ràfíátù, pé àwọn á wádìí. Lẹ́yìn tó lọ, wọ́n pè mí wọ inú ọ́fíìsì wọn.

"Mùíbátù, ọmọ mi, ṣé ìwọ ni?"

"Alhaja, èmi kọ́."

"Èmi náà kọ́. Agboolé ọkọ mi ni ọmọkùnrin yẹn ti wá, síbẹ̀ n kò sọ fún ẹ̀dá kankan. Mo ti bá ọmọbìnrin náà sọ ọ́ pé lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, kí ó mú ọkọ rẹ̀ wá, kí òun fúnra rẹ̀ sọ fún un, kí n sì ṣàlàyé fún wọn. Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni. Kò dí ìgbéyàwó lọ́wọ́. Ohun tó bẹ̀ mí kò ju ìyẹn lọ, kí ó jẹ́ òun ni Wàídì máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Ohun tí ọmọbìnrin náà fẹ́ nìyẹn. Kò ní kí wọ́n parọ́. Kò ní kí wọ́n fi nǹkan pamọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ó kàn fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù?

N kò fẹ́ sáré dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ lè jáde láti ibi púpọ̀. Ràfíátù lè ti sọ fún ọ̀rẹ́. Ẹnì kan lè ti rí ìwé èsì rẹ̀ níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Nítorí náà, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ní kó fi àwọn fáìlì èsì hàn mí, kì í ṣe inú wọn o, orúkọ wọn nìkan àti ẹni tó lè kà wọ́n.

Ẹ wo ohun tí mo rí.

Gbogbo wọn ló wà ní 755. Gbogbo ẹni tó bá wọ kọ̀ǹpútà yẹn ló lè kà wọ́n. Ohun tó sì jẹ́ kí n mọ̀ pé kò ṣèèṣì ni pé kọ̀ǹpútà tún ti fún àwọn fáìlì náà láṣẹ láti máa ṣiṣẹ́ bí ètò. Èsì àyẹ̀wò kì í ṣiṣẹ́, wọ́n ń kà á ni. Ó dà bí ẹni tó fi ọwọ́ ọkọ́ sí ìkòkò ọbẹ̀. Tí ẹ bá rí irú ẹ̀, install ló kọjá níbẹ̀, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sì kọ -m. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹnì kan ti yọ ọ́.

Mo jáde lọ bá Bọ̀dá Ganíyù. Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà sísun. Wọ́n á bó o, wọ́n á fẹ́ èèpo rẹ̀ sínú kíbọ́ọ̀dù, wọ́n á ju ọmọ rẹ̀ sẹ́nu.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí mo ṣe kọ kọ́máǹdì yẹn lẹ ṣe tẹ̀ ẹ́?"

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Ti àwọn èsì, sà."

"Mo yọ àwọn ìwọ̀nyẹn tó wà láàárín. Ṣé ìwọ rò pé n kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe? Àwọn ló ń ti àgbà mọ́ta." Wọ́n fẹ́ èèpo. "Mo sì rí i pé ó ṣiṣẹ́. Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?"

Ẹ gbọ́, mo ti múra sílẹ̀ pé wọ́n máa sẹ́. Wọn kò sẹ́! Wọn kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ka ti Ràfíátù nìyẹn."

"Ọmọ agboolé wa ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Ṣé kí n máa wò ó kó tẹ iná mọ́lẹ̀ ni? Mùíbátù, o kàwé, ṣùgbọ́n o kò mọ àṣà. Àwọn baba wa, kí wọ́n tó fẹ́ ìyàwó fún ọmọ, wọ́n á wádìí. Wọ́n á bèèrè bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwádìí ni mo ṣe. Kọ̀ǹpútà kàn mú un rọrùn ni."

"Bọ̀dá, àwọn baba wa ń lọ bi àwọn ará àdúgbò léèrè ni. Wọn kì í tú ẹrù aláìsàn."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má bínú, sà. Àgbà agboolé nìkan lẹ sọ ọ́ fún?"

"Mo sọ fún bàbá Wàídì. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Tí ìyàwó rẹ̀ bá wá lọ sọ ọ́ níbi omi, ẹnu tèmi ni?"

Wọ́n na ẹ̀pà sí mi. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, wọ́n na ẹ̀pà sí mi pé kí n jẹ níbẹ̀! N kò gbà á. Mo jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé títí ara mi fi rọlẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Alhaja. Wọ́n bọ́ dígí, wọ́n fi ọwọ́ bo ojú. Mo rò pé wọ́n máa dìde lọ bá Bọ̀dá Ganíyù. Wọn kò dìde.

"Ọkọ mi ni," ni wọ́n wí. "Kí ni mo máa lọ sọ fún wọn? Ta ni mo máa lọ rò ó fún nínú agboolé yẹn tí wọn kò ní sọ pé ọkùnrin kú, ìyàwó rẹ̀ ń bú àbúrò rẹ̀?"

Mo gbà pé ó le. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Wọ́n ní lọ́jọ́ kejì, tí Ràfíátù àti ìyá rẹ̀ bá dé, àwọn á sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́, pé iná ló jó o, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi tú jáde. Kí n kàn dúró níbẹ̀ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, torí èmi ni mo mọ̀ nípa rẹ̀.

"Bá mi bo àṣírí yìí, Mùíbátù."

Mo bi wọ́n pé, "Alhaja, àṣírí ta ni?"

Wọ́n wọ dígí wọn padà, wọ́n ní kí n máa lọ sídìí iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa pé sínú ọ́fíìsì Alhaja. Ìyá Ràfíátù jókòó. Ràfíátù jókòó tì í, ó ká ọwọ́ sórí itan, ó mọ́ tónítóní bí ẹni tó fẹ́ lọ sílé ìwé. Bọ̀dá Ganíyù náà wá jókòó, torí mánéjà ni wọ́n.

Alhaja bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n wá ní, "Ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ kì í ṣe ènìyàn. Iná jó o, ló bá..." Wọ́n wò mí.

Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, Alhaja. Ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Ènìyàn ló ṣí fáìlì náà sílẹ̀, ènìyàn ló kà á, ènìyàn ló sọ ọ́."

"Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́!" Bọ̀dá Ganíyù ti dìde. "Ó fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́! Ṣé mo pa ènìyàn ni? Ọmọ ilé mi ni mo gbà là!"

Ìyá Ràfíátù yí padà sí wọn. "Ẹ̀yin ni?"

Wọ́n tún jókòó. "Ẹ bi baba yín tó bá wà láyé. Ìwádìí ni wọ́n ń pè é."

Ràfíátù kò wo Bọ̀dá Ganíyù rárá. Èmi ló ń wò.

"Ìwọ ńkọ́?" ó ní. "Ṣé ìwọ náà kà á?"

"Mi ò kà á. Mo rí i pé ó ṣí sílẹ̀, n kò wo inú rẹ̀."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa. Ó ku ẹnì kan nìyẹn ní gbogbo Ẹdẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ní ti Wàídì, n kò ní ṣe àìṣòótọ́ sí i. Ó wá sí láàbù lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òun nìkan. Alhaja ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì fetí sílẹ̀, ó bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá. Ó lọ bá Ràfíátù pé òun ṣì fẹ́ ẹ, pé òun á bá àwọn òbí òun sọ̀rọ̀.

Ràfíátù ló kọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó wá gba ìwé èsì rẹ̀. Mo ti rò pé kò ní bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní Wàídì kò ṣe òun ní nǹkan kan. "Ṣùgbọ́n tí mo bá wọ agboolé yẹn, ta ni mo fẹ́ fọ abọ́ fún tí kò ní kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi? Wọ́n ti ka ẹ̀jẹ̀ mi tán kí n tó wọlé, Mùíbátù. N kò lè ṣe ìyàwó níbẹ̀." Ó ká ìwé náà wínníwínní, ó fi í sínú báàgì, ó lọ.

Nígbà tí Bọ̀dá Ganíyù gbọ́, ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alihamudulilahi! Ẹ ò rí i? Ọlọ́run ló yọ ọmọ wa!"

Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ níbí.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kí n tó lọ, mo bẹ Alhaja pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ohun kan. Mo ní kí wọ́n yí páàsíwọ́ọ̀dù àgbà padà, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́, kí n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú sùúrù. Mo wá gbé gbogbo èsì padà sáyè wọn: install, -m 600, -o alhaja. Mo yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ti tì.

Ìgbà tí mo ń kó ẹrù mi ni mo gbọ́ ọ níwájú. Bọ̀dá Ganíyù pòṣé, wọ́n sì na ọwọ́ gbá tábìlì. N kò nílò kí ẹnì kan sọ fún mi ohun tí kọ̀ǹpútà kọ síwájú wọn. Mo rò pé inú mi máa dùn. Kò dùn. Kí ni ilẹ̀kùn fẹ́ pamọ́ fún Ràfíátù mọ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé kò yẹ kí n tú Bọ̀dá Ganíyù fó, pé àgbà ni. Mo ti gbé e yẹ̀ wò. Àgbà tí a ń bọ̀wọ̀ fún, ohun tí wọ́n fi ń jẹ́ àgbà ni pé wọ́n mọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí wọ́n gbọ́, wọ́n sì ń wúkọ́ kí wọ́n tó wọlé. Ẹni tó bá já ilẹ̀kùn ọmọ ọlọ́mọ, tó tún ní ìwádìí lòun ń ṣe, n kò mọ orúkọ tí mo lè pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbi tí àṣírí ènìyàn wà, ní ilé ìwòsàn, ní láàbù, ní ilé ìwé, ẹ tì í. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ẹ̀sùn. Ẹni tí kò ní ohun tí ó fẹ́ lọ mú níbẹ̀ kì í bínú pé ilẹ̀kùn tì. Ẹ má sì fi ọgbọ́n ẹ̀rọ tan ara yín o, bí mo ṣe fẹ́ tan ara mi. -m 600 dáa, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹni tí wọ́n ti fi páàsíwọ́ọ̀dù àgbà lé lọ́wọ́ dúró, torí pé wọn kò lè sọ pé rárá fún un.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n ti tú ọ̀rọ̀ yín jáde rí níbi tí ẹ ti fọkàn tán wọn? Àbí ẹ ti ti ilẹ̀kùn kan rí, tí wọ́n ní ẹ rí àgbà fín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á, mo sì máa dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni àṣírí tó wà nínú ìtàn yín, ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, kí ẹ sì fi àṣírí náà sílẹ̀ síbi tó wà.